Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Àdírẹ́ẹ̀sì Ímeèlì Oníbàárà Yín Jọ: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Tajà Láti Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ

Ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ ṣáá lẹ́nu àwọn tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: "Mo ti ní èèyàn lórí WhatsApp àti Facebook, kí ni mo tún fẹ́ fi ímeèlì ṣe? Tí mo bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Ẹni tó ń ta ọṣẹ dúdú àti òrí ní Àjàṣẹ́ ń béèrè. Ẹni tó ń ta kajú ní Sábẹ ń béèrè. Àwọn tó ń fi ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ránṣẹ́ láti Kétu sí òkè òkun náà ń béèrè. Mo wá kọ gbogbo rẹ̀ síbí ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, kí ẹ lè máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ bá ṣe ń ṣe é lọ.

Kí ló dé tí ẹ fi nílò rẹ̀?

Ẹ rántí ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ọjọ́ yẹn ni nọ́ńbà fóònù wa ní Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní oní-8, tó di oní-10, tí wọ́n fi 01 síwájú rẹ̀. Oníṣòwò tó jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ló fi mọ oníbàárà rẹ̀ ní láti tún gbogbo ìwé nọ́ńbà rẹ̀ ṣe. Àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì ẹnikẹ́ni kò yí padà. Bákan náà, bí Facebook bá ti ojú ìwé yín pa lọ́la, tàbí tí olè bá gba àkáǹtì náà mọ́ yín lọ́wọ́, gbogbo àwọn tó ń tẹ̀ lé yín níbẹ̀ ti lọ nìyẹn, ẹ ò sì ní mọ ibi tí ẹ máa wá wọn gbà. Àkójọ àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin lẹ ni ín.

Mi ò ní kí ẹ pa WhatsApp tì o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń náwó ọjà. Àmọ́ àwọn oníbàárà kan wà tí ímeèlì ló yá jù láti fi bá wọn sọ̀rọ̀:

- ọmọ wa tó wà ní Faransé, Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, tó ń ra nǹkan ilé
- iléeṣẹ́, ilé ìwé àti òtẹ́ẹ̀lì tó máa ń béèrè ìwé iye owó kí wọ́n tó rà
- òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn olùkọ́ tó ń ṣí ímeèlì wọn lójoojúmọ́
- àlejò tó wá sí Àjàṣẹ́ tàbí Kétu lẹ́ẹ̀kan, tó ra ère tàbí aṣọ, tó sì padà sílùú rẹ̀

Tó bá jẹ́ pé ata àti ẹ̀fọ́ ni ẹ ń tà fún àdúgbò, ẹ fi owó àti àkókò yín sí ibòmíì. Wọ́n á ti jẹ ata yẹn tán kí wọ́n tó rí lẹ́tà yín kà.

Ohun tí ẹ máa ní lọ́wọ́

- fóònù tó ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì (kọ̀ǹpútà wúlò, kì í ṣe dandan níbẹ̀rẹ̀)
- àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì tó jẹ́ ti òwò nìkan
- ìwé kan tó níláà, àti bírò
- àkáǹtì Google, nítorí fọ́ọ̀mù àti ìwé ìṣirò rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀fẹ́
- ohun kan tí ẹ lè fi ṣe èènì fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ya ímeèlì òwò sọ́tọ̀

Ẹ má ṣe lo ímeèlì tí ẹ fi ń gba ìwé ilé ìwé àwọn ọmọ. Ẹ ṣí tuntun tó ní orúkọ ilé ìtajà yín nínú, kó kúrú, kó sì ṣeé pè lẹ́nu láìsí wàhálà. Tí ẹ bá ní láti ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù kó tó yé èèyàn, ó ti gùn jù.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ wọ inú ètò àkáǹtì yín, kí ẹ tan ohun tí Google ń pè ní "validation en deux étapes" lédè Faransé. Òun ni yóò máa béèrè kóòdù lórí fóònù yín kí ẹnikẹ́ni tó lè wọlé láti ibòmíì. Ẹni tó bá jí àkáǹtì yìí gbé, oníbàárà yín ló jí gbé. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ fi pamọ́ sílé. Kì í ṣe inú fóònù kan náà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pinnu ohun tí ẹ máa béèrè, kó má sì pọ̀

Orí Google Forms ni ẹ ti lè ṣe fọ́ọ̀mù yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta ti tó:

1. Kí ni ẹ fẹ́ ká máa pè yín?
2. Kí ni àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì yín?
3. Èwo nínú ọjà wa ló wù yín jù?

Ẹ wo ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Fọ́ọ̀mù tí àwọn òyìnbó ṣe sílẹ̀ máa ń béèrè orúkọ àti orúkọ ìdílé, ẹ̀rọ yóò wá mú orúkọ yẹn, yóò fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà: "Bonjour Rafiatou". Rafiatou lè jẹ́ ìyá àgbà ẹni ọdún márùnlélọ́gọ́ta tó jẹ́ pé láàárín ọjà Ouando, kò sẹ́ni tó ń pè é ní orúkọ. Ìyá Ráfíù tàbí Alhaja ni gbogbo wọn ń pè é. Kí ọmọ tó ń ta ọṣẹ wá máa pe orúkọ rẹ̀ gbàgà nínú lẹ́tà, ìwọ̀sí ni, kò sì ní sọ fún yín pé ohun tó bí òun nínú nìyẹn. Yóò kàn dákẹ́, kò ní rà mọ́. Tí ẹ bá béèrè "Kí ni ẹ fẹ́ ká máa pè yín?", òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ "Alhaja" tàbí "Bàbá Ìbejì" tàbí "Tantie Ṣadé", ẹ̀rọ yóò sì máa pè é bó ṣe fẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, tí ẹ ò bá tiẹ̀ mú èyíkéyìí, ẹ mú èyí.

Má béèrè ọjọ́ orí, má béèrè ilé, má béèrè nọ́ńbà fóònù tí ẹ ò bá ní lò ó. Bí ìbéèrè bá ṣe ń pọ̀ ni èèyàn ń sá.

Lábẹ́ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi àpótí kékeré kan tí wọ́n máa fọwọ́ tẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bí irú èyí:

*"Mo gbà kí ẹ máa fi lẹ́tà nípa ọjà yín ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Mo lè ní kí ẹ yọ orúkọ mi nígbàkígbà."*

Ẹ kọ ọ́ sí Faransé náà nísàlẹ̀. Ìkìlọ̀: àwọn fúnra wọn ni kí wọ́n tẹ àpótí yẹn. Ẹ má bá wọn tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìwé ọwọ́ àti ìwé orí ẹ̀rọ

Fọ́ọ̀mù Google máa ń tú ìdáhùn sínú Google Sheets, ìyẹn ìwé ìṣirò orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó dára fún ẹni tó bá rí líǹkì. Ṣùgbọ́n ní ìsọ̀ tàbí níbi àfihàn ọjà, iná lè lọ, mẹ́gà lè tán, kí oníbàárà sì máa kánjú. Ìdí nìyẹn tí ìwé ọwọ́ fi gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì. Ẹ fa ìlà sí i báyìí: déètì, bí a ṣe ń pè é, àdírẹ́ẹ̀sì, ohun tó rà, ibi tó ti mọ̀ wá, ìbuwọ́lù. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda tó wà lókè yẹn sí orí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kó lè yé wọn pé ohun tí wọ́n ń buwọ́ lù nìyẹn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹ da ohun tó wà nínú ìwé sórí ẹ̀rọ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ò ní lè ka ìkọ̀wé ara yín mọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gba àdírẹ́ẹ̀sì náà kó péye

Ibí ni iṣẹ́ wà jù. Àdírẹ́ẹ̀sì tí lẹ́tà kan ṣoṣo bá sọnù nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ò gbà rárá. Àwọn àṣìṣe tó máa ń wáyé lọ́dọ̀ tiwa nìyí:

- yahoo.fr àti yahoo.com. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Bẹ̀nẹ̀ ló ń lo yahoo.fr. Wọ́n á ní "yahoo", ẹ̀yin á kọ .com. Ẹ béèrè.
- tiret du 6 àti tiret du 8. Lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé, ti 6 ni ìlà kékeré àárín (-), ti 8 ni ìlà ìsàlẹ̀ (_). Tí wọ́n bá ní "tiret" lásán, ẹ bi wọ́n pé èwo.
- Àmì orí lẹ́tà. Orúkọ wọn lè jẹ́ Désiré, ṣùgbọ́n Gmail kì í gba é nínú àdírẹ́ẹ̀sì. Ẹ kọ ọ́ láìsí àmì.
- gmail.con, gamil.com. Ìka ló ń fa èyí lórí fóònù. Ẹ máa wò ó kí ẹ tó fi pamọ́.
- Àmì ìdánudúró (.) Gmail kì í ka àmì yìí sí nínú orúkọ tó ṣáájú @, Yahoo ń kà á sí. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe pè é.

Ọ̀nà tó dájú jù nìyí. Ẹ ṣí "Nouveau message" lórí fóònù yín, kí ẹ na fóònù náà sí oníbàárà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kó tẹ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ fúnra rẹ̀ síbi tí wọ́n kọ "À". Ẹ kọ "Ẹ ṣeun, a ti rí yín" síbẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ lójú rẹ̀. Tí àdírẹ́ẹ̀sì náà kò bá sí, Google sábà máa ń dá lẹ́tà padà láìpẹ́, nígbà tí oníbàárà ṣì ń ka ṣéńjì rẹ̀. Ẹ tún un ṣe níbẹ̀.

Oníbàárà tó bá ní "mi ò ní ímeèlì" ńkọ́? Ẹ má tètè gbà. Tó bá ń lo fóònù Android, tó sì ń gbé nǹkan wálẹ̀ láti Play Store, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó ní àdírẹ́ẹ̀sì Gmail. Ẹ ní kó ṣí Play Store, kó tẹ àyíká kékeré tó wà lókè lápá ọ̀tún, àdírẹ́ẹ̀sì náà yóò jáde. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọ tó ta fóònù náà fún un ló ṣí àkáǹtì yẹn fún un ní ìsọ̀, oní-fóònù kò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà, kò sì ṣí Gmail rí láyé rẹ̀. Ẹ bi í pé: "Ẹ máa ń ka lẹ́tà níbẹ̀?" Tó bá ní rárá, ẹ fi í sílẹ̀ lórí WhatsApp. Àdírẹ́ẹ̀sì tí kò sẹ́ni tó ń ṣí yóò kàn máa bà yín lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ Google ni. Mo máa ṣàlàyé èyí níwájú.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi èènì sí i

Kò sí ìyá ọlọ́jà tó mọ iṣẹ́ tó máa wọn gààrí kó má fi díẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún ẹni tó bá fún yín ní àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Èènì tó dára ni èyí tó bá ọjà yín mu, tí kò sì ní ná yín lówó púpọ̀:

- ẹni tó ń ta ọṣẹ àti òrí: ojú ewé kan tó ṣàlàyé bí a ṣe ń lo òrí fún irun ọmọdé àti fún ẹsẹ̀ tó là nígbà ọyẹ́
- ẹni tó ń ta kajú: ẹ̀dínwó lórí àpò kejì, tàbí ẹ̀tọ́ láti ra ti ọdún tuntun kó tó dé ọjà
- ẹni tó ń ta àdìrẹ: bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ kí aró má baà ṣí
- ẹni tó ń ta ère: ìtàn kúkúrú nípa ère tí wọ́n rà, irú igi tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kí kòkòrò má jẹ ẹ́

Ó wù mí kí ẹ fi ìmọ̀ ṣe èènì ju owó lọ. Ẹni tó bá tìtorí 500 FCFA forúkọ sílẹ̀, bó bá ti gba ẹ̀dínwó yẹn, ó lè má ṣí lẹ́tà yín mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń tọ́jú àdìrẹ, ẹni tó ní àdìrẹ nílé ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i níbi gbogbo tí ẹ wà

Ẹ mú líǹkì fọ́ọ̀mù yín, ẹ sọ ọ́ di kóòdù QR (Chrome lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́), kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókópì. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tábìlì, ẹ fi ọ̀kan sínú ẹrù kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fún zémidjan tàbí tí ẹ fi sínú ọkọ̀. Ẹ fi líǹkì náà sí ojú ìwé Facebook, sí WhatsApp Business, àti sínú status lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Àkókò tó dára jù láti béèrè ni ìgbà tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Bí MoMo tàbí Moov Money bá ti dún lórí fóònù yín, tí ẹ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ fi kún un pé: "Ẹ jẹ́ kí n fi rìsíìtì yín ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa sọ fún yín tí ọjà tuntun bá dé?" Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni o. Ẹni tó gba rìsíìtì kò tíì gba lẹ́tà ọjà.

Ìgbésẹ̀ 7: Ohun tí ẹ máa fi ránṣẹ́

Tí àwọn tó wà lórí àkójọ yín kò bá tíì pé àádọ́ta, Gmail lásán tó. Ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì tiyín síbi "À", kí ẹ fi gbogbo ti oníbàárà síbi "Cci". Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa sọ èyí, àmọ́ mo fẹ́ kó wọ yín létí: tí ẹ bá fi wọ́n síbi "À", gbogbo wọn ló máa rí àdírẹ́ẹ̀sì ara wọn. Ọlọ́jà mìíràn tó bá wà nínú wọn ti gba oníbàárà yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì ti tú àṣírí àwọn tó fọkàn tán yín. Gmail ọ̀fẹ́ kò sì jẹ́ kí èèyàn fi ránṣẹ́ sí ju ẹni 500 lọ lójúmọ́.

Tó bá ti ń pọ̀, ẹ lọ sórí iṣẹ́ ìfiránṣẹ́ bíi Brevo, MailerLite tàbí Mailchimp. Fún àwa tó jẹ́ pé Faransé la fi kàwé, Brevo ni mo máa ń júwe: ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, Sendinblue ni wọ́n ń pè é títí di ọdún 2023, Faransé ni wọ́n sì fi kọ ojú rẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ fi lẹ́tà 300 ránṣẹ́ lójúmọ́. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ sórí ìkànnì wọn kí ẹ tó yàn, nítorí wọ́n máa ń yí ètò padà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Láti oṣù kejì ọdún 2024, Gmail àti Yahoo ti le mọ́ àwọn tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n fẹ́ ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà náà lóòótọ́. Tí ẹ bá ń fi @gmail.com ránṣẹ́ láti inú iṣẹ́ bíi Brevo, ẹ̀rí yẹn kò sí, inú Spam (àpótí tí wọ́n ń da lẹ́tà tí èèyàn ò fẹ́ sí) ni lẹ́tà lè bọ́ sí. Ọ̀nà àbáyọ:

1. Ẹ ra orúkọ ìkànnì tiyín, ó lè jẹ́ .bj tàbí .com.
2. Ẹ ṣí àdírẹ́ẹ̀sì lórí rẹ̀, bíi "oja@" pẹ̀lú orúkọ ìkànnì yín.
3. Iṣẹ́ ìfiránṣẹ́ yín yóò fún yín ní àwọn ìlà ọ̀rọ̀ kan tó jẹ mọ́ SPF, DKIM àti DMARC, ìyẹn ẹ̀rí tí Gmail àti Yahoo ń béèrè yẹn. Ẹ dà wọ́n kọ bí wọ́n ṣe rí gẹ́lẹ́ síbi tí ẹ ti ra orúkọ náà, lábẹ́ "DNS". Ẹ má fọwọ́ kọ ọ́, ẹ ṣe é ní kọ́pì.
4. Ẹ dúró. Ó lè gbà tó ọjọ́ méjì kó tó mú.
5. Ẹ fi lẹ́tà ìdánwò ránṣẹ́ sí Gmail kan àti Yahoo kan tó jẹ́ tiyín, kí ẹ wo ibi tó bọ́ sí.

Tí ìgbésẹ̀ kẹta bá dojú rú, ẹ pe ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà kó bá yín ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í. Ẹ má fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà kó mú lọ ilé.

Ìgbésẹ̀ 8: Lẹ́tà àkọ́kọ́ àti àwọn tó tẹ̀ lé e

Kí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, nígbà tí wọ́n ṣì rántí yín. Àpẹẹrẹ rèé fún ọlọ́ṣẹ:

*Àkọlé: Bí a ṣe ń lo òrí nígbà ọyẹ́*

*Ẹ káàárọ̀ o, Alhaja. Ẹ ṣeun tí ẹ rajà lọ́wọ́ wa lánàá. Ìwé tí a ṣèlérí nípa òrí ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù la ó máa kọ̀wé sí yín, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ kàn dáhùn lẹ́tà yìí, èmi fúnra mi ni mo ń kà á. Tí ẹ ò bá fẹ́ mọ́, ẹ tẹ "Se désabonner" nísàlẹ̀, kò ní bí wa nínú.*

Ẹ ṣe kí wọ́n dáhùn. Lẹ́tà tí oníbàárà bá dáhùn máa ń jẹ́ kí Gmail mọ̀ pé ojúlùmọ̀ ni yín.

Ní ti àwọn lẹ́tà yòókù, ẹ tẹ̀ lé ìgbà ọjà yín, ẹ má tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà ẹlòmíì. Láti nǹkan bí oṣù kejì ni kajú ti ń jábọ́ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà, oṣù kìíní ni kí ará Sábẹ ti kọ̀wé sí àwọn tó máa rà. Ẹni tó ń ta òrí ní láti kọ̀wé kí ọyẹ́ tó dé, kì í ṣe ìgbà tí ètè gbogbo ayé ti là tán. Ẹni tó ń tà fún òṣìṣẹ́ ìjọba, ìparí oṣù ni tirẹ̀.

Èdè wo ni kí ẹ fi kọ ọ́? Èdè tí wọ́n fi bá yín nájà ni. Tó bá jẹ́ Yorùbá, ẹ rántí pé ẹni tó kọ́ ọ ní Bẹ̀nẹ̀ mọ ɛ àti ɔ, ẹni tó kọ́ ọ ní Nàìjíríà mọ ẹ àti ọ. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má pa wọ́n pọ̀ nínú lẹ́tà kan. Tó bá jẹ́ pé Faransé ni wọ́n ń kà, ẹ kí wọn ní Yorùbá, kí ẹ kọ ìyókù ní Faransé.

Kí lẹ́tà má wúwo. Àwòrán kan, èyí tí ẹ ti dín kù, ti tó. Oníbàárà yín ló ń ra mẹ́gà tó fi ń ṣí i. Ẹ má sì kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sórí àwòrán kan ṣoṣo bí ẹ ṣe ń ṣe lórí status, nítorí tí àwòrán náà kò bá ṣí, òfìfo ni wọ́n máa rí. Ẹ kọ iye owó àti nọ́ńbà oní-10 yín ní ọ̀rọ̀.

Ìtọ́jú àkójọ náà

Lóṣooṣù:

- ẹ yọ àdírẹ́ẹ̀sì tó ń dá lẹ́tà padà
- ẹ yọ ẹni tó bá ní kí ẹ yọ òun, lọ́jọ́ tó sọ ọ́ gan-an, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀
- ẹ gbé àkójọ náà wálẹ̀ ní CSV (irú fáìlì tí ìwé ìṣirò lè ṣí), kí ẹ fi pamọ́ síbi méjì

Ẹni tí kò bá ṣí lẹ́tà fún oṣù mẹ́fà, ẹ kọ ọ̀kan sí i: "Ṣé ẹ ṣì fẹ́ ká máa kọ̀wé sí yín?" Tí kò bá dáhùn, ẹ yọ ọ́. Ó máa ń dun èèyàn láti yọ orúkọ tó fi làágùn kó jọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Gmail fẹ́ kí iye àwọn tó ń tẹ "Signaler comme spam" má dé 0.3%, ìyẹn ẹni mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún. Àwọn tó ti gbàgbé yín ló máa ń tẹ̀ ẹ́ jù, tó bá sì ti pọ̀, lẹ́tà tí ẹ kọ sí àwọn tó fẹ́ràn yín pàápàá á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú Spam.

Àwọn ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe

*Ẹ má ra àkójọ.* Ẹnì kan á wá bá yín lórí Telegram tàbí Facebook pé òun ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àdírẹ́ẹ̀sì ará Bẹ̀nẹ̀ fún tà. Ẹ má dá a lóhùn. Àwọn èèyàn yẹn ò mọ̀ yín, wọn ò bẹ̀ yín níṣẹ́, bí wọ́n bá sì ti rí lẹ́tà yín, Spam ni wọ́n máa tẹ̀. Iṣẹ́ ìfiránṣẹ́ yín lè ti àkáǹtì yín pa.

*Ẹ má kó àdírẹ́ẹ̀sì inú ẹgbẹ́.* Ìwé orúkọ ìjọ, ti mọ́ṣáláṣí, ti ẹgbẹ́ àwọn òbí ní ilé ìwé, kì í ṣe ìwé oníbàárà. Wọ́n kọ orúkọ wọn síbẹ̀ fún nǹkan mìíràn.

*Ẹ má fojú di òfin.* Òfin nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí a mọ̀ sí Code du numérique, ní apá kan odindi, Ìwé Karùn-ún, tó dá lórí ààbò ìsọfúnni ara ẹni. APDP ni àjọ tó ń mójú tó o. Ẹ kàn sí wọn láti mọ ohun tó yẹ kí ẹ kéde nípa àkójọ yín. Tí ẹ bá ń tà fún àwọn tó ń gbé ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin tiwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018, RGPD, kàn yín náà. Ohun tí àwọn òfin yìí ń lé kò ta ko ohun tí mo ti kọ: ẹ gba ìyọ̀ǹda, ẹ pa ẹ̀rí ìyọ̀ǹda náà mọ́ (ìdí tí déètì àti ìbuwọ́lù fi wà nínú ìwé yín nìyẹn), ẹ sì yọ ẹni tó bá fẹ́ lọ.

Tí ímeèlì ò bá ṣiṣẹ́ fún oníbàárà yín

WhatsApp ní ohun tí wọ́n ń pè ní "liste de diffusion". Ẹni 256 ló lè wà lórí ọ̀kan, ẹni tó bá sì ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ nìkan ni yóò rí i gbà. Nítorí náà, bí ẹ bá ti tajà tán, ẹ ní kó fi nọ́ńbà yín pamọ́ lójú yín, oní-10, pẹ̀lú 01 níwájú. Chaîne WhatsApp kò ní ààlà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ ò ní rí nọ́ńbà àwọn tó ń tẹ̀ lé yín, nítorí náà àkójọ tiyín kọ́ ni. SMS ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí fóònù rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n owó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi í mọ sí ìgbà tí ọjà ńlá bá dé.

Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan náà. Ẹ ya ìlà kan sí i ní ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì: "ọ̀nà tó fẹ́". Ẹni tó fẹ́ ímeèlì, ẹ kọ ímeèlì; ẹni tó fẹ́ WhatsApp, ẹ kọ WhatsApp; ẹni tó ní kí ẹ pe òun lórí fóònù tí kajú bá dé, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì pè é.